Ẹ̀tọ́ onílẹ̀ ìbílẹ̀ ní Austrálíà

Ẹ̀tọ́ onílẹ̀ ìbílẹ̀ ní Austrálíà ni ẹ̀tọ́ tí òfin orílẹ̀-èdè náà gbà pé àwọn Aborígínì àti àwọn ará Erékùṣù Torres Strait ní lórí ilẹ̀ àti omi àwọn baba ńlá wọn, gẹ́gẹ́ bí òfin àti àṣà tiwọn fúnra wọn ti là á kalẹ̀. Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Austrálíà, tí ó jẹ́ ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní orílẹ̀-èdè náà, ni ó kọ́kọ́ fọwọ́ sí ẹ̀tọ́ yìí ní ọjọ́ 3 oṣù Òkúdù ọdún 1992, nínú ẹjọ́ tí Eddie Koiki Mabo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pe ìjọba ìpínlẹ̀ Queensland. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin lé e lórí ní ọdún 1993.

Ẹ̀tọ́ yìí kì í ṣe ilẹ̀ tí ìjọba fi ta àwọn ọmọ ìbílẹ̀ lọ́rẹ. Ohun tí ilé-ẹjọ́ sọ ni pé ẹ̀tọ́ náà ti wà kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó dé, àti pé dídé wọn nìkan kò pa á run. Síbẹ̀, ẹ̀tọ́ náà kò lè borí ilẹ̀ tí ìjọba ti fún ẹlòmíràn pátápátá. Ọ̀pọ̀ èrò òdì nípa rẹ̀ ń wáyé nítorí pé àwọn ènìyàn rántí ọ̀kan nínú gbólóhùn méjèèjì yìí, wọ́n sì gbàgbé èkejì. Ìdájọ́ ọdún 1992 kan àwọn Yorùbá pẹ̀lú, nítorí pé ẹjọ́ ilẹ̀ Èkó kan tí a dá ní ọdún 1921 wà lára àwọn ìdájọ́ tí àwọn adájọ́ Austrálíà gbára lé.

Ìtumọ̀

Ìdájọ́ Mabo ya ohun méjì sọ́tọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Èkíní ni agbára ìṣèjọba, ìyẹn agbára láti ṣòfin lórí ilẹ̀ àti láti pín in. Èkejì ni níní ilẹ̀, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti gbé orí rẹ̀, láti dáko sí i, láti pẹja nínú omi rẹ̀ àti láti sọ ẹni tó lè wọ ibẹ̀. Èkíní bọ́ sọ́wọ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ó gba àṣẹ lórí ilẹ̀ náà. Èkejì ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ibẹ̀, títí di ìgbà tí ìjọba bá ṣe ohun kan pàtó tí ó mú un kúrò. Ẹni tó mọ̀ pé ọba lè jọba lórí gbogbo ìlú láìjẹ́ pé òun ni ó ni oko agboolé kọ̀ọ̀kan yóò tètè lóye ìyàtọ̀ yìí.

Ohun tí ẹ̀tọ́ náà kó sínú kò dọ́gba níbi gbogbo, nítorí pé láti inú òfin àti àṣà àwùjọ kọ̀ọ̀kan ni ó ti ń jáde. Ní ibì kan, ó lè jẹ́ ẹ̀tọ́ láti di ilẹ̀ mú kí ẹlòmíràn má sì bá wọn dá sí i. Ní ibòmíràn, ó lè má ju ẹ̀tọ́ láti ṣọdẹ, láti pọn omi, tàbí láti ṣe orò ní ibi mímọ́ wọn. Àwùjọ, ìdílé tàbí ẹnì kan lè ní ín, gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn bá ti wí, ṣùgbọ́n wọn kò lè tà á fún ará ìta. Nítorí náà, kò yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ yìí wé ìṣe àwọn kan tí a ń pè ní ọmọ onílẹ̀ ní Èkó àti agbègbè rẹ̀, tí wọ́n ń ta ilẹ̀ kan náà fún ẹni méjì tàbí tí wọ́n ń fi agbára gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́lé.

Ìtàn kí ọdún 1992 tó dé

Àwọn Aborígínì ti ń gbé ní Austrálíà fún ohun tí ó ju 40,000 ọdún lọ. Àwọn ará Erékùṣù Torres Strait, tí ilẹ̀ wọn wà láàrin Queensland àti Papua New Guinea, jẹ́ ènìyàn ọ̀tọ̀ tí wọ́n ń dáko tí wọ́n sì ń pẹja. Ní ọdún 1770, James Cook kéde pé etíkun ìlà-oòrùn Austrálíà ti di ti Ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ 26 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1788, àwọn ọkọ̀ ojú omi tó kó ẹlẹ́wọ̀n wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí Sydney, wọ́n sì tẹ ibẹ̀ dó.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò bá àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ṣe àdéhùn lórí ilẹ̀. Ní ọdún 1835, John Batman sọ pé òun ti bá àwọn Kulin ṣe àdéhùn lórí ilẹ̀ tó wà ní agbègbè tí ìlú Melbourne wà lónìí. Gómìnà Richard Bourke kéde ní ọdún náà gan-an pé irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, nítorí pé Ọba Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó lè fún ènìyàn ní ilẹ̀. Ní ọdún 1889, ìgbìmọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó jẹ́ ilé-ẹjọ́ ìkẹyìn fún àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, sọ nínú ẹjọ́ láàrin Cooper àti Stuart pé New South Wales fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbé nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dé. Èrò yìí ni a wá ń pè ní terra nullius, ọ̀rọ̀ èdè Látìnì tí ó túmọ̀ sí ilẹ̀ tí kò ní onílẹ̀.

Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ kò gba èrò náà rí. Ní ọdún 1963, àwọn Yolŋu ti Yirrkala ní àríwá Austrálíà kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sára èèpo igi, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, nítorí pé ìjọba ti yọ̀ǹda ilẹ̀ wọn fún ìwakùsà láìbéèrè lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ kò mú èso wá, wọ́n lọ sí ilé-ẹjọ́. Ní ọdún 1971, Adájọ́ Blackburn gbà pé àwọn Yolŋu ní òfin tó gún régé lórí ilẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n ó ní òfin Austrálíà kò mọ irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n pàdánù ẹjọ́ náà.

Ní ọdún 1966, àwọn Gurindji tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní oko ẹran ní Wave Hill daṣẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ ìdarí Vincent Lingiari, wọ́n sì béèrè pé kí a dá ilẹ̀ wọn padà. Ní ọdún 1975, olórí ìjọba Gough Whitlam bu iyẹ̀pẹ̀ sí ọwọ́ Lingiari gẹ́gẹ́ bí àmì pé a ti dá apá kan ilẹ̀ náà padà. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni a ṣe òfin ẹ̀tọ́ ilẹ̀ fún àwọn Aborígínì ní Northern Territory. Òfin ọdún 1976 yìí yàtọ̀ sí ẹ̀tọ́ onílẹ̀ ìbílẹ̀. Lábẹ́ òfin náà, ìjọba ni ó ń fi ilẹ̀ fún wọn. Nínú ẹ̀tọ́ onílẹ̀ ìbílẹ̀, ilé-ẹjọ́ kàn ń jẹ́rìí sí ohun tó ti wà ni.

Ẹjọ́ Mabo

A bí Eddie Koiki Mabo ní ọdún 1936 ní Mer, ọ̀kan nínú àwọn Erékùṣù Murray tó wà ní Torres Strait. Àwọn Meriam ni ó ni erékùṣù náà. Wọ́n ń dáko níbẹ̀, ìdílé kọ̀ọ̀kan sì mọ ààlà ilẹ̀ tirẹ̀. Òfin Malo, òrìṣà wọn, kọ̀ fún ènìyàn láti ti ẹsẹ̀ bọ ilẹ̀ oníilẹ̀ tàbí láti fi ọwọ́ kan ohun tó wà lórí rẹ̀. Ìjọba Queensland gba àwọn erékùṣù náà mọ́ ara rẹ̀ ní ọdún 1879.

Ní àwọn ọdún 1970, Mabo ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú ọgbà ní Yunifásítì James Cook ní ìlú Townsville. Ní ọdún 1974, nínú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pẹ̀lú àwọn òpìtàn Henry Reynolds àti Noel Loos, ó sọ̀rọ̀ ilẹ̀ rẹ̀ ní Mer gẹ́gẹ́ bí ohun ìní rẹ̀. Àwọn ni wọ́n sọ fún un pé lójú òfin, ìjọba ni ó ni ilẹ̀ náà. Ní oṣù Èbìbí ọdún 1982, òun àti Sam Passi, David Passi, James Rice àti Celuia Mapo Salee gbé ẹjọ́ náà lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga.

Ìjọba Queensland gbìyànjú láti dá ẹjọ́ náà dúró. Ní ọdún 1985, ó ṣe òfin tó sọ pé gbogbo ẹ̀tọ́ tí àwọn ará erékùṣù náà lè ní ti parẹ́ láti ọdún 1879 láìsí owó gbà-máà-bínú. Ní ọdún 1988, adájọ́ mẹ́rin nínú méje wọ́gi lé òfin náà, nítorí pé ó tako òfin ọdún 1975 tó dènà ìyàsọ́tọ̀ nítorí ẹ̀yà. Lẹ́yìn èyí, Adájọ́ Moynihan gbọ́ ẹ̀rí, ó sì jókòó ní Mer fúnra rẹ̀ láti gbọ́ àwọn ẹlẹ́rìí. Nínú ìwádìí tí ó gbé jáde ní ọdún 1990, kò fara mọ́ ẹ̀rí Mabo fúnra rẹ̀ nípa ilẹ̀ tí ó ní òun jogún. Ẹjọ́ náà ń bá a lọ pẹ̀lú orúkọ Mabo lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n lórí ẹ̀tọ́ gbogbo àwọn Meriam ni.

Mabo kú nípa àrùn jẹjẹrẹ ní ọjọ́ 21 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1992. Kò tíì pé oṣù márùn-ún lẹ́yìn ikú rẹ̀ tí ìdájọ́ jáde. Adájọ́ mẹ́fà nínú méje sọ pé èrò pé ilẹ̀ náà kò ní onílẹ̀ kò lè dúró mọ́, wọ́n sì dá àwọn Meriam láre pé àwọn ni wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí ilẹ̀ Mer. Adájọ́ Dawson nìkan ni kò fara mọ́ ọn.

Ipa ẹjọ́ ilẹ̀ Èkó

Nígbà tí Adájọ́ Brennan ń ṣàlàyé ìdájọ́ Mabo, ìdájọ́ méjì ti Privy Council tí wọ́n tako ara wọn wà níwájú rẹ̀. Èkíní ni ẹjọ́ Southern Rhodesia ti ọdún 1918, níbi tí ìgbìmọ̀ náà ti sọ pé àwọn ènìyàn kan wà tí ètò àwùjọ wọn rẹlẹ̀ débi pé òfin Gẹ̀ẹ́sì kò lè ka ẹ̀tọ́ wọn lórí ilẹ̀ sí. Èkejì ni ẹjọ́ Amodu Tijani ti ọdún 1921.

Amodu Tijani ni Olóyè Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè Ìdẹ́jọ onífìlà funfun ní Èkó. Ní ọdún 1913, ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ ní Àpápá tí ó wà lábẹ́ oyè rẹ̀. Àwọn ilé-ẹjọ́ tó wà nílé sọ pé agbára alábòójútó nìkan ni olóyè náà ní lórí ilẹ̀ náà, nítorí náà owó gbà-máà-bínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ tó iye ilẹ̀ gan-an. Herbert Macaulay bá a lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1920 nítorí ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ní ọdún 1921, Viscount Haldane kéde ìdájọ́ pé ilẹ̀ jẹ́ ti àwùjọ, pé kí a san owó bí ẹni pé gbogbo ẹ̀tọ́ àwùjọ náà ni a gbà, àti pé a kò gbọdọ̀ rò pé ìyípadà ìjọba lásán ti ba ẹ̀tọ́ àwọn onílẹ̀ jẹ́. Ó tún kìlọ̀ pé kí àwọn adájọ́ má ṣe fi ojú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan wo ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn.

Brennan kọ ìdájọ́ ti ọdún 1918 sílẹ̀, ó sì tọ ọ̀nà tí ẹjọ́ Èkó là. Ó tún tọ́ka sí ẹjọ́ Adéyínká Oyèkàn àti Músẹ́ńdíkù Adélé ti ọdún 1957, tó dá lórí ààfin Ìga Ìdúngànràn. Ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún 1973, Adájọ́ Hall ti lo ẹjọ́ Amodu Tijani nínú ẹjọ́ ilẹ̀ àwọn Nisga'a ní Kánádà.

Òfin ọdún 1993

Òfin tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe lórí ẹ̀tọ́ onílẹ̀ ìbílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1994. Òfin náà fìdí ilẹ̀ tí ìjọba ti fún àwọn ẹlòmíràn ṣáájú múlẹ̀, ó sì la ọ̀nà tí àwọn ọmọ ìbílẹ̀ yóò gbà béèrè ẹ̀tọ́ wọn. Àwọn tó ń béèrè gbọ́dọ̀ fi hàn pé àwùjọ wọn ní òfin àti àṣà lórí ilẹ̀ náà nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba àṣẹ, pé wọ́n ti ń pa á mọ́ láti ìran dé ìran láìjá, àti pé ìjọba kò tíì ṣe ohun tó pa ẹ̀tọ́ náà run. Ìtàn ẹnu àwọn àgbà, orúkọ ibi, orin àti ìmọ̀ nípa ìdílé wà lára ohun tí a ń lò gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Lónìí, a ti fọwọ́ sí irú ẹ̀tọ́ kan tàbí òmíràn lórí ohun tó ju ìdá kan nínú mẹ́ta ilẹ̀ Austrálíà lọ.

Àwọn èrò òdì

Pé àwọn ọmọ ìbílẹ̀ lè gba ilé onílé. Lẹ́yìn ìdájọ́ Mabo, ìbẹ̀rù tàn káàkiri pé àwọn ènìyàn yóò pàdánù àgbàlá ilé wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1998, nínú ẹjọ́ Fejo tí ó kan ilẹ̀ àwọn Larrakia nítòsí Darwin, Ilé-Ẹjọ́ Gíga sọ pé bí ìjọba bá ti fi ilẹ̀ fún ènìyàn pátápátá, ẹ̀tọ́ onílẹ̀ ìbílẹ̀ lórí rẹ̀ ti kú. Ọdún 1882 ni a ti fi ilẹ̀ náà fún ẹnì kan, ó sì padà sọ́wọ́ ìjọba ní ọdún 1927, síbẹ̀ ẹ̀tọ́ náà kò jí dìde.

Pé àwọn darandaran yóò kúrò lórí ilẹ̀ tí ìjọba yá wọn. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1996, nínú ẹjọ́ àwọn Wik, adájọ́ mẹ́rin nínú méje sọ pé yíyá tí ìjọba yá àwọn tó ń sin ẹran ní ilẹ̀ kò fi dandan pa ẹ̀tọ́ onílẹ̀ ìbílẹ̀ run. Ẹ̀tọ́ méjèèjì lè jọ wà. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n bá ti forí gbárí, ti darandaran ni yóò lékè. Pẹ̀lú èyí náà, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tún òfin ṣe ní ọdún 1998 láti dín agbára àwọn ọmọ ìbílẹ̀ kù.

Pé wọ́n ti di olówó ohun àlùmọ́ọ́nì. Nínú ẹjọ́ Ward ti ọdún 2002, Ilé-Ẹjọ́ Gíga sọ pé kò sí ẹ̀tọ́ onílẹ̀ ìbílẹ̀ lórí ohun àlùmọ́ọ́nì àti epo rọ̀bì níbẹ̀. Òfin fún àwọn ọmọ ìbílẹ̀ láàyè láti bá ilé-iṣẹ́ ìwakùsà dúnàádúrà, kò sì fún wọn lágbára láti sọ pé rárá. Bí oṣù mẹ́fà bá kọjá láìsí àdéhùn, a lè gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú ìgbìmọ̀ kan tí yóò dá a.

Pé ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́ Aborígínì lè béèrè kí ó sì rí gbà. Àwọn Yorta Yorta, tí ilẹ̀ wọn wà lẹ́bàá odò Murray, bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ ní ọdún 1994. Wọ́n pàdánù ní ọdún 1998, wọ́n sì tún pàdánù ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga ní ọdún 2002. Ìdí ni pé ilé-ẹjọ́ ní àṣà wọn ti já láàrin ọ̀nà. Lára ẹ̀rí tí a fi dá wọn lẹ́bi ni ìwé ẹ̀bẹ̀ tí àwọn baba wọn kọ sí gómìnà ní ọdún 1881, níbi tí wọ́n ti sọ pé a ti gba ilẹ̀ wọn, tí wọ́n sì ń bẹ̀bẹ̀ fún ilẹ̀ tí wọn yóò fi dáko. Nípa bẹ́ẹ̀, àwọn tí wọ́n lé jìnnà jù sí ilẹ̀ wọn ni ó ṣòro jù fún láti fi ẹ̀tọ́ wọn múlẹ̀.

Pé ẹni tó bá ń lo ohun ìgbàlódé ti sọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ nù. Ní ọdún 1994, Murrandoo Yanner fi ọ̀kọ̀ pa ọ̀nì kéékèèké méjì láti inú ọkọ̀ ojú omi onímọ́tò. Ìjọba Queensland ní kò gba ìwé àṣẹ. Ní ọdún 1999, Ilé-Ẹjọ́ Gíga dá a láre pé ẹ̀tọ́ ọdẹ rẹ̀ ṣì wà. Mọ́tò tí ó lò kò sọ ọdẹ àwọn baba rẹ̀ di nǹkan mìíràn.

Pé gbogbo ilẹ̀ tí a gbà ni a ti san owó rẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́, èrò tó gbilẹ̀ ni pé owó gbà-máà-bínú kò kan ilẹ̀ tí a gbà ṣáájú òfin ọdún 1975, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ jùlọ ilẹ̀ náà ti lọ kí ọdún yẹn tó dé. Ọdún 2019 ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga kọ́kọ́ ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣírò owó náà, nínú ẹjọ́ ìlú kékeré Timber Creek. Nínú nǹkan bí mílíọ̀nù 2.5 dọ́là Austrálíà tí a ní kí ìjọba san, mílíọ̀nù 1.3 jẹ́ fún ọgbẹ́ ọkàn àti ìbàjẹ́ tó bá ìsopọ̀ àwọn ènìyàn náà mọ́ ilẹ̀ wọn.

Lẹ́yìn náà

Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2025, Ilé-Ẹjọ́ Gíga dá ẹjọ́ Yunupingu, tí ó tún kan agbègbè tí àwọn Yolŋu ti pàdánù ní ọdún 1971. Ó sọ pé ẹ̀tọ́ onílẹ̀ ìbílẹ̀ jẹ́ ohun ìní bíi ti ẹnikẹ́ni, nítorí náà ìjọba àpapọ̀ kò lè gbà á ní Northern Territory láìsan owó tó tọ́, kódà ṣáájú ọdún 1975.

Ọjọ́ 3 oṣù Òkúdù ni a ń pè ní Ọjọ́ Mabo, ó sì jẹ́ ọjọ́ ìsinmi ní àwọn Erékùṣù Torres Strait. Ní ọdún 1995, àwọn kan ba ibojì Mabo jẹ́ ní Townsville lẹ́yìn tí ìdílé rẹ̀ ṣí òkúta orí rẹ̀. Ìdílé náà gbé òkú rẹ̀ lọ sí Mer, wọ́n sì tún un sin sí ilẹ̀ àwọn Meriam.